Ìṣọ́ Ìgbóná Ara Eléré Ìdárayá Orí Àga Oníkẹ̀kẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Akọ́nimọ̀ọ́gbá àti Alábàárìn

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní eléré ìdárayá mẹ́ta lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè rò pé ohun kan náà ni ooru ń fi ojú wọn rí, nítorí pé oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èkíní lè jẹ́ ẹni tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, irú wọn sì pọ̀ láàárín àwọn àgbà eléré wa ní Nàìjíríà; àrùn náà ba iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́ láti làágùn. Èkejì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà. Òun náà ń làágùn, àmọ́ awọ ara tí òógùn ń gbà jáde ti dín kù. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó fara pa nínú ọkọ̀, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì bà jẹ́ ní ọrùn. Lẹ́yìn tí ó bá ti wa àga rẹ̀ yí pápá ká títí, awọ rẹ̀ á ṣì gbẹ bí ẹni pé ilé ló ti ń bọ̀, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ á sì máa yìn ín pé ara rẹ̀ le, kò tiẹ̀ làágùn. Òun gan-an ni ewu wà lórí rẹ̀.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì yòókù náà yóò jàǹfààní. Ohun tí mo fẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi sọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó má ṣe dúró de eléré náà kí ó tó sọ pé ooru ń mú òun. Ara tí kò lè tu ara rẹ̀ nínú kì í sábà mọ̀ ní àkókò pé òun ti gbóná jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí ó ń ná tó ń di ooru. Inú ara gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 37°C, nítorí náà ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí awọ pé kí ó làágùn, ó sì máa ń ránṣẹ́ sí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ pé kí wọ́n fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ooru wá sí ìta. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ yìí ń gbà kọjá, ó sì ń jáde láti inú rẹ̀ ní ibi tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè àyà títí dé òkè ìbàdí. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá bà jẹ́ pátápátá ní ọrùn, kò sí èyí tó lè kọjá nínú iṣẹ́ náà. Ẹni náà lè má làágùn rárá, tàbí kí ó làágùn díẹ̀ ní orí àti ojú nìkan. Bí ó bá bà jẹ́ ní àárín àyà, ibi tó wà lókè ọgbẹ́ yóò máa làágùn, ìsàlẹ̀ yóò gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò ní iṣan púpọ̀ tó lè mú ooru jáde. Òótọ́ ni pé ooru tí ó ń mú jáde kéré sí ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń tú dànù tún kéré sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù á sì máa kóra jọ sí inú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣòro yìí fi wọ́pọ̀ nínú rọ́gíbì orí àga oníkẹ̀kẹ́, eré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Winnipeg ní Kánádà ní ọdún 1977 fún àwọn tí ọgbẹ́ wọn wà ní ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá a. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láàárín àwọn oníṣègùn: Ludwig Guttmann, dókítà tó dá ìdíje Stoke Mandeville sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948, èyí tó di Paralympics lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí lórí bí àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ ṣe ń làágùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí òógùn eléré kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí

Ìwé ilé ìwòsàn lè sọ pé eegun kẹfà ní àyà ni ó bà jẹ́ (eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n ń kà láti òkè àyà wá sísàlẹ̀), ṣùgbọ́n ọgbẹ́ méjì tí wọ́n ń pe orúkọ kan náà lè má ṣe ara méjì bákan náà, pàápàá bí ọ̀pá ẹ̀yìn kò bá já tán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ní ọjọ́ kan tí ooru mú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí eléré náà wa àga rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú agbára tí kò pọ̀ jù, kí ó sì wá sí abẹ́ ibòòji. Ẹ mú tísù funfun gbígbẹ, kí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin, tí eléré náà sì ti gbà fún, fi tísù náà tẹ iwájú orí rẹ̀, ọrùn, òkè ọmú, abẹ́ abíyá, ikùn lókè ìdodo, ikùn nísàlẹ̀ ìdodo, àárín ẹ̀yìn àti itan. Tísù kan fún ibì kan ni, ẹ má ṣe lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí tísù bá ti rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá gbẹ, ẹ kọ òun náà. Ọmú àti ìdodo jẹ́ àmì tó rọrùn, nítorí pé ìmọ̀lára orí ọmú wá láti ọ̀dọ̀ eegun kẹrin ní àyà, ti ìdodo sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹwàá.

Ìwé kékeré tí ẹ bá kọ báyìí yóò wúlò fún yín ju ìwé ilé ìwòsàn lọ ní orí pápá, nítorí ó sọ fún yín ibi tí ẹ ó máa fi omi sí. Ẹ fi ohun mẹ́ta kún un. Àkọ́kọ́ ni oògùn tí ó ń lò: ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ ń lo oxybutynin láti mú kí àpò ìtọ̀ wọn balẹ̀, oògùn náà sì ń dín òógùn kù, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba tó kù pàápàá lè gbẹ. Kì í ṣe pé kí ẹ dá oògùn dúró fún un. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa eré ìdárayá rẹ̀ ni. Èkejì ni bí ó ṣe ń tọ̀, bóyá ó ń lo rọ́bà ìtọ̀ tàbí kò lò ó. Ẹ̀kẹta ni bóyá ó ní egbò kankan ní ìdí tàbí ní ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan àkókò àti ibi

Ní Èkó, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni gbogbo ènìyàn ń sá sí, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí oòrùn kò tíì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń pọ̀ jù lọ ní òwúrọ̀, ọ̀rinrin yìí ni kì í sì í jẹ́ kí omi gbẹ lára. Nítorí náà, ẹni tó ń làágùn dáadáa lè rí i pé òwúrọ̀ kò tù ú lára tó bí ó ṣe rò. Ẹni tí kì í làágùn ní tirẹ̀, bí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu fún un, òwúrọ̀ sì ṣì sàn fún un ju ọ̀sán lọ. Kí ẹ parí iṣẹ́ tó le kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Pápá oníkọnkéré tàbí ọlọ́dà tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀ máa ń tu ooru sókè, ẹni tó wà lórí àga sì súnmọ́ ọn ju ẹni tó dúró lọ. Bí ẹ bá ní abẹ́ igi tó ní atẹ́gùn, ó sàn ju gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí iná kò sí, tí fáànù sì dúró. Ẹ má ṣe fi àga sílẹ̀ sínú oòrùn nígbà tí eléré bá wà lórí ìjókòó mìíràn: irin àti awọ dúdú tó ti gbóná lè jó itan ẹni tí kò mọ ìrora níbẹ̀, ọjọ́ kejì ni ẹ ó sì tó rí i pé awọ ti bó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí ara tutù kí eré tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ti ní ibà, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń rùn tó sì dà bí omi ẹ̀kọ, kò gbọdọ̀ ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ náà, nítorí àìsàn ti ń gbé ìgbóná ara rẹ̀ sókè kí eré tó kàn án.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè lo nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti dín ìgbóná rẹ̀ kù kí ó tó wọ pápá. Àwọn ẹgbẹ́ olówó ní ẹ̀wù tí wọ́n ń kó yìnyín sí. Ní tiwa, píọ́ wọ́tà tó ti dì gbagidi ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ́ẹ́rẹ́ wé méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì gbé wọn sí ẹ̀yìn ọrùn, abẹ́ abíyá àti iwájú àyà. Aṣọ náà kì í ṣe àṣejù. Yìnyín tó bá kan awọ tí kò ní ìmọ̀lára lè jó o bí iná, ẹni náà kò sì ní kígbe, nítorí náà ẹ máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní ojú kan. Bí ẹ bá ní omi dídì tí a ti fọ́ wẹ́wẹ́ tí a pò mọ́ omi èso, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, torí yìnyín tó ń yọ́ nínú ikùn ń gba ooru lọ́wọ́ inú ara tààrà.

Kí ó tọ̀ kí ó tó wọ pápá. Aṣọ rẹ̀ kí ó fúyẹ́, kí ó má fún mọ́ ọn, kí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ní àárín eré, aago ni ẹ ó máa wò

Ẹ má ṣe bi í pé, «Ṣé ooru ń mú ọ?» Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ lójú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ irọ́ ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀, nítorí pé apá tó pọ̀ jù nínú awọ rẹ̀ kò lè ròyìn fún ọpọlọ. Aago tó ń ka lílù ọkàn lọ́wọ́ kò ní ran yín lọ́wọ́ púpọ̀ pẹ̀lú: ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọrùn, ọkàn rẹ̀ kì í lè sáré kọjá ìwọ̀n kan, ó sì lè máa lù jẹ́jẹ́ nígbà tí ara ti gbóná rékọjá. Ẹ fi ìdúró sí inú ètò fúnra rẹ̀: ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó wá sí abẹ́ ibòòji, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó.

Ohun tí ẹ ó ṣe níbẹ̀ ni pé ẹ ó fi omi dípò òógùn tí kò sí. Ẹ wo bí ó ṣe yẹ kí ó rí ní ìṣẹ́jú méjì tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì nínú bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Alábàárìn àkọ́kọ́ mú ike afọ́nmi, irú èyí tí àwọn onídìrí ń lò, tí omi tútù wà nínú rẹ̀. Ó fọ́n ọn sí ojú, ọrùn, apá méjèèjì, lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀wù eléré sókè, ó sì fọ́n ọn sí àyà àti ikùn, ní àwọn ibi tí tísù ti fi hàn pé ó gbẹ. Alábàárìn kejì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa fẹ́ ẹ, yálà pẹ̀lú fáànù kékeré tó ń lo bátìrì tàbí pẹ̀lú páálí tó nípọn. Eléré fúnra rẹ̀ ń mu omi, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè máa sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ó dákẹ́.

Iṣẹ́ alábàárìn kejì ni wọ́n sábà máa ń fò, òun sì ni kókó. Omi fífọ́n tí kò gbẹ lára kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ooru lọ. Ó kàn ń kán sílẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi ti etíkun wa, omi kò ní gbẹ bí atẹ́gùn kò bá sún. Kódà pẹ̀lú atẹ́gùn, omi fífọ́n nìkan kì í sábà tó fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọrùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ka yìnyín kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti omi fífọ́n ní àárín eré sí ohun kan ṣoṣo tí a kò gbọdọ̀ pín sí méjì.

Ẹ wo ojú rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀. Bí ẹni tó máa ń ṣàwàdà bá dákẹ́, bí ó bá ń ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, bí ó bá ń bínú láìnídìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú eré.

Omi mímu

Àṣìṣe méjì tó lòdì síra wọn ló wà níbí. Àwọn kan kì í mu omi rárá, nítorí pé ilé ìtura tó wà ní pápá ìṣeré kò ṣeé wọ̀ fún àga oníkẹ̀kẹ́, wọn kò sì fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n. Ẹ̀bi àwọn tó kọ́ pápá ìṣeré náà nìyẹn, kì í ṣe tiwọn, àmọ́ ara wọn ló ń san gbèsè rẹ̀. Àwọn mìíràn ń mu bí ẹni tó ń làágùn ṣe ń mu, nígbà tó jẹ́ pé wọn kì í làágùn. Omi á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n iyọ̀ inú rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀, èyí tó lè fa orí fífọ́, èébì àti gìrì.

Òṣùwọ̀n ni yóò parí ìjà. Ẹ wọn eléré pẹ̀lú àga rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, ẹ wọn àga náà nìkan, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣe é kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ̀ tí ó sì ti bọ́ aṣọ tó rin. Kílógíráàmù kan tó bá dín kù dúró fún nǹkan bí lítà omi kan. Ẹ rántí láti ka omi tí ó mu àti ìtọ̀ tí ó tọ̀ láàárín. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ó ti mu jù.

Lẹ́yìn eré

Ẹni tó ń làágùn, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tutù nígbà tí ó bá dúró. Ti ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọrùn yàtọ̀: ìgbóná inú ara rẹ̀ lè máa gòkè lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí fèrè ìparí ti dún. Mo ti rí i kí wọ́n gbé eléré sínú bọ́ọ̀sì tí kò ní fèrèsé tó ṣí ní kété tí eré parí, kí wọ́n lè tètè kọjá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Ẹ má ṣe é. Ẹ máa bá omi fífọ́n àti fáànù lọ fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, ní abẹ́ ibòòji, kí ẹ tó ronú nípa ọkọ̀. Àkókò yìí náà ló dára láti gbé ìdí rẹ̀ kúrò lórí tìmùtìmù, kí ẹ sì wo awọ rẹ̀, nítorí pé ìdí tó rin tó sì gbóná ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

Ìṣòro méjì ló lè jọ ara wọn lójú, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn lòdì síra wọn.

Àkọ́kọ́ ni ooru fúnra rẹ̀. Ara gbóná, awọ lè gbẹ, òòyì ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ó lè máa sọ ìsọkúsọ tàbí kí ó dákú. Bí ìgbóná inú ara bá ti kọjá 40°C tí ọpọlọ sì ti ń dà rú, ikú lè wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tu ú lára, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan sì máa pe ọkọ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ gbé e kúrò lórí àga sí orí tapólì, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ènìyàn mẹ́rin di igun tapólì mú sókè, kí ẹ da omi àti yìnyín sí i lára nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pò ó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé orí rẹ̀ sókè ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ṣe fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ ní omi mu. Ẹ má sì gbára lé tẹmọ́mítà tí a ń nà sí iwájú orí, torí pé omi tí ẹ fọ́n síbẹ̀ ń tàn án jẹ. Ìwà ẹni náà ni kí ẹ gbàgbọ́.

Èkejì máa ń ṣe àwọn tí ọgbẹ́ wọn wà ní eegun kẹfà àyà tàbí lókè rẹ̀. Ohun kan nísàlẹ̀ ọgbẹ́, bí àpò ìtọ̀ tó kún, rọ́bà ìtọ̀ tó ká, okùn àga tó fún jù tàbí egbò, máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru lójijì. Orí á máa fọ́ ọ bí ẹni pé ó fẹ́ là, ojú àti ọrùn rẹ̀ á gbóná, á sì máa làágùn lókè ọgbẹ́, nígbà tí ìsàlẹ̀ tutù. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹni yìí sílẹ̀: ìdùbúlẹ̀ yóò tún gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ṣánṣán, ẹ tú gbogbo okùn àti bẹ́líìtì, ẹ tọ́ rọ́bà náà, kí ó tọ̀. Bí orí fífọ́ náà kò bá rọlẹ̀ kíákíá, ilé ìwòsàn ni, nítorí ó lè fa rọpárọsẹ̀.

Bí òòyì bá kàn kọ́ eléré nínú ooru láìsí orí fífọ́ tó le, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ni. Ẹ dorí àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan di í mú lẹ́yìn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi ga ju ọkàn rẹ̀ lọ.

Òtútù náà ń bẹ

Ara tí kò lè tú ooru dànù kò lè pa á mọ́ bákan náà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ọgbẹ́ kì í gbọ̀n nígbà tí òtútù bá mú un. Èyí kàn àwọn tó ń ṣe ìdánrawò ní Jos nígbà ọyẹ́, ó sì kàn àwọn ọmọ wa tó ń gbá eré ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester ní oṣù kọkànlá. Aṣọ tí omi fífọ́n ti rin kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e wọ inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Kí ó pààrọ̀ rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ bí ó ṣe tutù tó. Ẹ má ṣe fi rọ́bà omi gbígbóná mú un móoru. Kúbùsù àti ẹ̀wù tó gbẹ tó fún un.